Eartha Kitt: akọrin ni, oníjó ni, àbí òṣèré?

Olùfẹ́ Àwo Orin (ẹni tí ó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn àwo orin àtijọ́ tí àwọn òbí wa fi pamọ́ sínú àpótí, ẹnì kan nínú wa sọ pé Eartha Kitt kò ju ẹni tí ó kọ orin Kérésìmesì kan ṣoṣo lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, mo sì pinnu pé n ó kó ohun tí mo mọ̀ nípa obìnrin yìí jọ síbí kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní North, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1927. Eartha Mae Keith ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Inú oko òwú ni ó ti gbọ́njú. Kò mọ bàbá rẹ̀ rárá, àwọ̀ ara rẹ̀ sì pupa ju ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé lọ, débi pé ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ lọ bá gbé kọ̀ láti gbà á sílé nítorí àwọ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi í sí, ìyà sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 8, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìbátan kan ní Harlem, ní ìlú New York. Ní ọdún 1943 ó wọ ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham, ó sì bá wọn rìn dé Mexico, London àti Paris. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí kúrò ní Paris, òun dúró síbẹ̀, ó ń kọrin ní ilé fàájì alẹ́. Ibẹ̀ ni Orson Welles, gbajúmọ̀ òṣèré àti olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, ti rí i tí ó fún un ní ipa Helen ará Troy, arẹwà inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì, nínú eré orí ìtàgé kan ní ọdún 1950. Ní ọdún 1952 ó dé Broadway, ibi tí àwọn tíátà ńlá New York wà, nínú eré New Faces of 1952. Nígbà tí yóò fi di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwo “C'est si bon” àti “Santa Baby”, orin Kérésìmesì tí ẹni yẹn ń wí, ti gbòde kan. Lẹ́yìn náà ni fíìmù dé, tí tẹlifíṣọ̀n dé, tí ìjà pẹ̀lú ìjọba dé, tí ìpadàbọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2008 ni ó kú, bí ẹni pé orin yẹn ni ó wá mú un lọ.

Ìbéèrè mi nìyí o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nígbà gbogbo: akọrin, oníjó, òṣèré. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ó bí àwọn yòókù? Lójú tèmi, orin ni.

Ọmọ Onílù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi tí ẹ ti yára kọjá, ìyẹn ọ̀rọ̀ Katherine Dunham. Ijó ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé, òun náà ni mo fi ń jẹun, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ohun gbogbo ti ṣẹ̀.

Dunham kì í ṣe oníjó nìkan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àti ìṣe ọmọ ènìyàn ní Yunifásítì Chicago, ó sì lọ sí Jamaica, Trinidad, Martinique àti Haiti ní àárín àwọn ọdún 1930 láti lọ wo bí àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe ń jó lójúbọ àti lóde àríyá. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó gbé wá sórí ìtàgé. Ní ọdún 1945, wọ́n ṣe eré kan ní Broadway tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carib Song, ijó kan sì wà nínú rẹ̀ tí Dunham sọ ní Shango. Ṣàngó wa yìí náà ni o, bí àwọn ará Trinidad ṣe gbé e dání láti ìgbà òwò ẹrú. Eartha Kitt wà lára àwọn oníjó inú eré náà. Ẹ wo ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, tí kò mọ orírun bàbá tí ó bí i, tí ó ń jó nínú eré tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọba Ọ̀yọ́ pe ijó, ní àárín ìlú New York. Nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ọ̀nà tí Dunham ń gbà kọ́ni ni pé kí oníjó lè pín ara rẹ̀: kí èjìká máa ṣe tirẹ̀, kí ìbàdí máa ṣe tirẹ̀, kí ọrùn dúró jẹ́ẹ́ kí àyà máa mì. Ẹ lọ wo àwòrán orin “Monotonous” tí ó kọ nínú New Faces, nítorí wọ́n sọ eré náà di fíìmù ní ọdún 1954. Ó ń rá láti orí àga gbọọrọ kan bọ́ sí orí òmíràn bí ológbò tí ó ń wá ibi tí oòrùn ti ń ràn. Ohùn rẹ̀ kò yára rárá. Ara rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn náà, ohùn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ijó ni ó bí orin, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba

Mo kí gbogbo yín láti London. Mo gbádùn ohun tí Ọmọ Onílù kọ, ṣùgbọ́n n kò gbà. Àwo orin kò ní ojú. Bàbá mi ní gíramafóònù kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ Eartha Kitt. N kò mọ bí ó ṣe rí. N kò mọ̀ pé ó ń jó. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni, nítorí kò sí páálí lára àwo náà mọ́. Síbẹ̀, bí ó bá ti la ẹnu báyìí, gbogbo wa yóò dákẹ́.

Ẹ tẹ́tí sí ohùn náà dáadáa. Kò tóbi. Àwọn akọrin tí ohùn wọn tóbi ju tirẹ̀ lọ pọ̀ bí eṣú ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ó ń gbọ̀n díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀, ó máa ń fa lẹ́tà kan pẹ́ bí ẹni tí ó ń tọ́ oyin lá, yóò sì ṣàdédé fi orin sílẹ̀ láàárín kan, yóò máa sọ̀rọ̀. Nínú “C'est si bon” ó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun tí ó fẹ́ kí ọkùnrin rà fún un, bí obìnrin tí ó ń dúnàádúrà lọ́jà tí ó sì ti mọ̀ pé òun ni yóò borí. Ohùn nìkan ni ó fi ṣe é.

Ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ èdè yẹ̀ wò. Faransé ni ó fi kọ “C'est si bon”. Ní ọdún 1953 kan náà, ó kọ “Uska Dara”, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Tọ́kì, ní èdè wọn, àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ Tọ́kì sì ń rà á. Ó kọrin ní èdè Spéènì àti àwọn èdè mìíràn pẹ̀lú. Kò sí ijó tí ó lè kọ́ ènìyàn ní èyí. Etí ni. Ẹni tí kò ní ilé kan pàtó máa ń yára gbọ́ èdè ilé onílé.

Jagun

Èmi ò mọ èyíkéyìí nínú gbogbo eléyìí o. Obìnrin Ológbò inú Batman ni mo mọ̀ ọ́n sí, nígbà tí wọ́n ń tún un fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé òun náà ni?

Olùfẹ́ Àwo Orin

Jagun, òun náà ni. Ní ọdún 1967, nígbà tí Julie Newmar tí ó ń ṣe Obìnrin Ológbò tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe é mọ́, wọ́n pe Eartha Kitt láti wá ṣe Catwoman ní ìpín kẹta eré náà, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe ipa yẹn. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kíyè sí bí o bá tún rí i. Ṣáájú ìgbà náà, eré ìfẹ́ díẹ̀díẹ̀ máa ń wà láàárín Catwoman àti Batman: wọn yóò jà, wọn yóò sì tún máa wo ara wọn lójú. Nígbà tí ó kan Eartha Kitt, ìfẹ́ yẹn pòórá. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin tí ó ní kí funfun má ṣe fẹ́ dúdú, ẹ̀rù sì ṣì ń ba àwọn tí wọ́n ń ṣe tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìkà nìkan láti ṣe. Kí ni ó wá fi ìkà náà ṣe? Ó sọ ọ́ di ohun tí a ò lè gbàgbé. Igbe ológbò tí ó ń ké yẹn, inú ọ̀fun ẹni tí ó ti ń kọ “I Want to Be Evil” (Mo fẹ́ di ìkà) láti ọdún 1953 ni ó ti jáde.

Ìyá Eléré

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ẹ ń ya ohun tí kò ṣeé yà.

Mo ti bá àwọn eléré rìn nígbà èwe mi, kí tíátà tó di ti inú fídíò. Nígbà tí wọ́n bá gbà ọ́ sí ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé ṣé orin ni o mọ̀ àbí ijó. Ìjálá tí ó ṣíwájú eré, ìwọ ni. Ijó tí ó tẹ̀ lé e, ìwọ ni. Ìyàwó ọba ní ìran kejì, ìwọ náà ni, bí wọ́n bá sì kúrò lórí ìtàgé, ìwọ ni yóò ka owó ẹnu ọ̀nà. Bí Ògúńdé ṣe ṣe é nìyẹn láti ọdún 1945 tí ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí àwọn Alárìnjó ṣe ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọdún 1945 kan náà ni Ọmọ Onílù sọ pé ọmọ yẹn ń jó nínú eré Shango ní New York.

Katherine Dunham tí ẹ dárúkọ, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fi mọ sí ijó? Ó ń kọ́ wọn ní eré ṣíṣe, ó ń kọ́ wọn ní èdè, ó ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ni ijó náà. Nítorí náà, èdè tí Àbẹ̀kẹ́ sọ pé ijó kò lè kọ́ni, àbúrò mi, inú ilé kan náà ni ó ti ń gbọ́ wọn. Àwọn tí ń ta àwo ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ akọrin, àwọn tí ń ta fíìmù ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ òṣèré. Òun fúnra rẹ̀ eléré ni.

Bàbá Olóyè

Ọ̀rọ̀ Ìyá Eléré ni mo fi ọwọ́ sí. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé fíìmù tí ó so ó mọ́ ilẹ̀ wa wà, tí kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. The Mark of the Hawk ni wọ́n pè é, ọdún 1957 ni. Òun àti Sidney Poitier ni wọ́n ṣe tọkọtaya nínú rẹ̀, ìtàn nípa ilẹ̀ Áfíríkà kan tí ó ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó. Enugu ni wọ́n ti ya apá kan nínú fíìmù náà, ọdún 3 kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Fíìmù náà fúnra rẹ̀ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ìwàásù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1958 ó tún ṣe St. Louis Blues pẹ̀lú Nat King Cole, ó sì ṣe Anna Lucasta pẹ̀lú Sammy Davis Jr. Lẹ́yìn ìyẹn, sinimá kò fún un ní ipa gidi mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: kí ni ó dé?

Amòfin Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ti mú wa dé ibi tí mo ti ń dúró dè yín. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn yóò ní ọ̀rọ̀ White House, ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó kàn lọ bú ìyàwó Ààrẹ láìnídìí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1968, Lady Bird Johnson, ìyàwó Ààrẹ Lyndon Johnson, pe nǹkan bí 50 obìnrin wá jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Kókó ìpàdé náà ni ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti ohun tí a lè ṣe sí i. Wọ́n pe Eartha Kitt nítorí pé ó ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́: ó ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ijó ní agbègbè Watts ní Los Angeles, ó sì ti lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní ọdún 1967 nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Washington tí wọ́n ń wá ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ààrẹ alára wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Eartha Kitt dìde, ó bi í pé kí ni kí àwọn òbí ṣe tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rójú tọ́ ọmọ. Ààrẹ dá a lóhùn ráńpẹ́ lórí owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún títọ́jú ọmọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ nípa iná òpópónà àti títún àdúgbò ṣe. Obìnrin yìí na ọwọ́ títí ó fi kàn án. Ohun tí ó wá sọ ni pé àwọn ọmọkùnrin tí òun mọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà kò rí èrè nínú jíjẹ́ ọmọ dáadáa, nítorí ẹni tí ó bá ti ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni wọn kì í kó lọ sí ogun Vietnam. Ó sọ fún ìyàwó Ààrẹ lójúkojú pé àwọn tí ó dára jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n ń kó lọ kí wọ́n lọ yìnbọn pa, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣọ̀tẹ̀ ní ìgboro nítorí rẹ̀. Ìyàwó gómìnà New Jersey dìde láti ta kò ó. Omi lé ròrò sójú Lady Bird, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì fèsì pé bí ogun tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, kò ní kí a má gbìyànjú láti tún ilé ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníṣòwò eré ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un. Àdéhùn tí wọ́n ti bá a ṣe tẹ́lẹ̀ já. Iṣẹ́ gbẹ ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù ni ó sì padà sí. Ní ọdún 1975 ni ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ti ṣe àkójọ ìwé lórí rẹ̀ láti ọdún 1968, tí ó kún fún òfófó lásán nípa ìwà rẹ̀ àti àwọn tí ó ń bá ṣe wọléwọ̀de. Kò sí ẹ̀sùn kan tí ilé ẹjọ́ lè gbọ́ nínú rẹ̀.

Bàbá Olóyè

Mo dúpẹ́, Amòfin. Síbẹ̀, àgbà ni mí, n ó sì sọ èyí tí ó wà lọ́kàn mi. Nínú ìtọ́ni tiwa, a kì í jókòó sídìí oúnjẹ ẹni kí a tún mú omi jáde lójú onítọ̀hún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ibi tí ó ti sọ ọ́ ni mo ń wò. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Bí wọn kò bá lé e kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ó di arúgbó nínú aṣọ ológbò yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òwe yẹn bo ìyà mọ́lẹ̀. Ilé ọba tí ó jó, ọba ní owó tí yóò fi tún un kọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni obìnrin yìí, ó ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dá ọmọbìnrin kan ṣoṣo tọ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan sì ni ó fi ń jẹun. Ọdún bíi mẹ́wàá tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe fíìmù àti eré ńlá, òun wà nínú ilé fàájì láti ìlú dé ìlú. A ò lè mọ ipa tí ì bá kó.

Ní ti ìdí oúnjẹ, wọ́n bi í ni. Bí o bá pe ènìyàn wá sílé rẹ pé kí ó wá sọ ohun tí ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, tí ó sì sọ ọ́, ta ni ó jẹ̀bi?

Ọmọ Onílù

Mo wà lẹ́yìn Àbẹ̀kẹ́ lórí èyí. Ṣùgbọ́n kí a má baà sọ ọ́ di òrìṣà, ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà ńkọ́? Ní ọdún 1972, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà ní góńgó agbára rẹ̀, ó lọ ṣeré níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jà fún òmìnira ti ń bẹ àwọn eléré pé kí wọ́n má ṣe lọ. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ ní White House ni ó tún lọ gba owó ní Johannesburg.

Amòfin Ìbàdàn

Ìbéèrè rẹ tọ́, àbúrò. Ohun tí ó sọ láti fi gbèjà ara rẹ̀ ni pé òun ṣeré fún dúdú àti funfun tí wọ́n jókòó pọ̀, òun sì kó owó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú níbẹ̀. Èmi kò rò pé ìdáhùn yẹn tó. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba náà fẹ́ lò, ó sì yá wọn lò. Ṣùgbọ́n n ó tún sọ pé ọdún 4 lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni ó lọ. Ìyẹn kò sọ ẹ̀bi di àre, ó kàn jẹ́ kí a mọ ibi tí ebi ti ń pa á.

Olùfẹ́ Àwo Orin

Ẹ jẹ́ kí n dá wa padà sórí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìyà náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ọdún 1978 ó padà sí Broadway nínú Timbuktu!, eré olórin tí wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ sí ilẹ̀ Mali ní ọdún 1361, tí Geoffrey Holder darí. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan ni ó gbé e wọlé lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gíga sókè báyìí, bí ẹni gbé ère. Ó ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà náà. Ẹ sọ fún mi, àjẹ́ wo ni yóò jókòó sórí ọwọ́ ọkùnrin tí kò ní mì, tí yóò sì tún kọrin, bí kì í bá ṣe ẹni tí Dunham kọ́? Ọmọ Onílù, mo ti ń gbà fún ọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Tony, àmì-ẹ̀yẹ eré Broadway, nítorí eré náà. Ọdún kan náà ni Ààrẹ Jimmy Carter pè é padà sí White House, tí ó sì kí i káàbọ̀ sílé.

Ní ọdún 1983, àwo “Where Is My Man” sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ inú ilé ijó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1988 ó wà ní London yín níbẹ̀ yẹn, Àbẹ̀kẹ́, nínú eré Follies, tí ó ń kọ orin “I'm Still Here”. Orin obìnrin eléré tí ó ti rí gbogbo rẹ̀ tí kò sì tíì kúrò ni. Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé kankan ní ọjọ́ yẹn.

Jagun

Ẹ̀yin àgbà, mo ti kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Nígbà tí mo ń ka gbogbo èyí ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, yọjú wo fóònù mi, ó rí orúkọ náà, ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní irọ́ ni. Ó ní “Yzma ni!” Mo lọ wò ó, òótọ́ ni: òun ni ó fi ohùn ṣe ìyá àjẹ́ Yzma nínú fíìmù àwòrán Disney ti ọdún 2000, The Emperor's New Groove. Wọ́n tún fi ìtàn náà ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Emmy lórí rẹ̀ ní ọdún 2007 àti 2008. Bàbá àgbà Àbẹ̀kẹ́ ní gíramafóònù, èmi ní Batman, ọmọ mi ní Yzma. Ọ̀fun kan náà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba

Bàbá mi ni, kì í ṣe bàbá àgbà mi. N kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Jagun ṣe wá jẹ́rìí fún mi láìmọ̀: àwòrán kò ní ara, kò lè jó.

Ìyá Eléré

Àbẹ̀kẹ́ kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ láé. Mo ní ìbéèrè kékeré kan. Olùfẹ́ kọ 1927. Ìwé kan tí mo ní nílé, tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí obìnrin náà wà láyé, kọ ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1928. Èwo ni kí a mú?

Amòfin Ìbàdàn

Ìyá, ọdún 1927 ni kí ẹ mú. Ìwé yín kò purọ́, ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbà gbọ́ ni ó kọ. Kò ní ìwé ìbí kankan ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Benedict College ní South Carolina níjà pé kí wọ́n bá òun wá a, wọ́n sì rí i. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1927 ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi dúdú pa orúkọ bàbá rẹ́. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún kí ó tó mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Olùfẹ́ Àwo Orin

Ẹ dúró ná. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní? Ọjọ́ 18 ni wọ́n jẹun ní White House.

Amòfin Ìbàdàn

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì tí ó pé ẹni ọdún 41. Òun rò pé ó ku ọjọ́ 8 kí òun pé 40.